Orúkọ Mẹ́tàlélọ́gọ́ta Pé, Ohùn Kò Pé

Ní ọjọ́ tí ìyàwó mi lò kẹ́yìn láyé, ẹ̀wà ló ń ṣà. Ó jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Olódò, ó gbé àtẹ lé itan, ó ń fi ìka ti òkúta sí apá kan. Ó ní ẹni tó ta ẹ̀wà yìí fún òun ní ọjà Ṣáṣá kò bẹ̀rù Ọlọ́run, pé òkúta inú rẹ̀ tó kọ́ ilé. Èmi ń ka ìwé ìròyìn. Mo rẹ́rìn-ín, n kò gbójú sókè.

Ó bi mí pé ṣé mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣánlẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò jókòó láti sọ ìtàn ikú. Ikú ti ṣẹlẹ̀, n kò lè tún un ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi tó yín létí ni ohun tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ ara mi ṣe lẹ́yìn ikú náà, tí iṣẹ́ ogún ọdún obìnrin yìí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ run láàárín wákàtí kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sún un síwájú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí kí ó lè kúrò lọ́kàn mi.

Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Èdè Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó fẹ̀yìn tì; èmi ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì. Ní gbogbo Sátidé tí kò bá sí òkú tàbí ìgbéyàwó tí a gbọ́dọ̀ lọ, Ìbídùn á gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó di abúlé. Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà, kò síbi tí kò dé. Á jókòó ti àwọn àgbàlagbà, á ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe tẹ abúlé wọn dó, ohun tí wọ́n ń sọ fún ilẹ̀ kí wọ́n tó gbin iṣu, orin tí wọ́n fi ń fọ́ kòkó. Àwọn kan jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, àwọn kan ń bọ òrìṣà ìdílé wọn. Ìbídùn kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní ohùn lòun wá gbà, òun kò wá bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀sìn.

Ohùn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kó jọ. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó ni wọ́n ló ti kú.

Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nǹkan kan wà tí Ìbídùn máa ń ṣe tí mo fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á ní kí ẹ̀rọ náà ka fáìlì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á gbé nǹkan gígùn kan jáde, lẹ́tà àti nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n tí wọ́n pò mọ́ra wọn. Checksum ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é. Ìbídùn ń pè é ní nọ́ńbà ẹ̀rí. Á wá fi wé èyí tó ti kọ sínú ìwé ẹ̀sásáìsì kan ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ gba ohùn náà sílẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, fáìlì náà ṣì wà bó ṣe wà. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, nǹkan ti ṣe é.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò kàn ṣí àwọn fáìlì náà kó gbọ́ wọn. Ó ní ṣé kí òun máa jókòó gbọ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ohùn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí òun má dáná mọ́? Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ rántí broadsheet tí a máa ń kọ ní ìparí táàmù? Ṣebí a máa ń ro máàkì gbogbo kíláàsì pọ̀ sí ìsàlẹ̀? Bí ẹnì kan bá yọ́ lọ yí máàkì ọmọ kan padà, ṣé àròpọ̀ ìsàlẹ̀ kò ní tú u fó?"

Mo ní bí onítọ̀hún bá gbọ́n ńkọ́, tó yọ márùn-ún lára ti Táíwò, tó fi kún ti Kẹ́hìndé?

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ ọn! Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Ti kọ̀ǹpútà yìí gbọ́n ju ti wa lọ. Ẹ kàn pààrọ̀ ipò Táíwò àti Kẹ́hìndé fún ara wọn lásán, á pariwo."

Mo ní iṣẹ́ ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Ó ju pílò lù mí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. N kò jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n wo bó ṣe ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé ọkọ kì í jogún ìyàwó. Ohun tí obìnrin bá fi sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Bí kò bá sí ọmọ, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ni ín. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, àwọn ẹbí Ìbídùn wá kó ẹrù rẹ̀. N kò bínú sí wọn. Bó ṣe yẹ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín ìkòkò, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Láptọ́ọ̀pù bọ́ sọ́wọ́ Kọ́lá, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.

Mo bẹ Kọ́lá pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ da iṣẹ́ ìyàwó mi kọ láti inú rẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ tún ń bẹ̀ mí? Ẹ mú un, ẹ mú un." Mo wọ yàrá lọ. Mo ki dráìfù tuntun kan bọ láptọ́ọ̀pù náà létí, mo ní kó máa kó ẹ̀dà gbogbo ohùn náà síbẹ̀.

Ó ń pẹ́. Lóde, mọ́tò tó fẹ́ kó ẹrù ń fọn fèrè. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ìgbà yẹn ni àbúrò ìyá Ìbídùn kan, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, yọjú sí yàrá. Ó rí mi tí mo tẹ orí mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ó yíjú sí àwọn tó wà ní pálọ̀, ó kígbe pé, "Ẹ wá wo ọkọ wa o! Àbí wọ́n fẹ́ jogún ìyàwó wọn ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ẹ bá mi rò ó wò: ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń di ẹrù òkú mú!

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo rí orúkọ àwọn fáìlì náà lórí dráìfù tuntun. Mo kà wọ́n kíákíá. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Wọ́n pé. Ohun kan ṣì ń rìn nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà pé kí n dúró, ṣùgbọ́n kí ni mo tún ń dúró dè nígbà tí orúkọ ti pé? Mo fa wáyà yọ. Mo gbé láptọ́ọ̀pù fún Kọ́lá. Ó bi mí pé ṣé mo ti mú tèmi. Mo ní mo ti mú un.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé kọ̀ǹpútà lè kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀, kó sì fi àyè tí fáìlì náà máa gbà sílẹ̀, kó tó wá máa da ohùn sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ ni mo kà lọ́jọ́ yẹn. N kò wo inú rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà kọjá, n kò ṣí ọ̀kankan nínú wọn. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ohùn Ìbídùn wà nínú gbogbo wọn lọ; òun ló ń bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Mo fi dráìfù náà sínú àpótí aṣọ mi. Bí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, mo máa ń sọ fún ara mi pé, ó kéré tán, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Morẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Bàbá Òjó, ni olórí ilé kan tó ń bọ Òrìṣà Oko ní abúlé kan lẹ́yìn Akanran. Lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn tó fẹnu kan iṣu tuntun, Bàbá Òjó ló máa ń dìde ka ìwúre kan tó ti ọ̀dọ̀ àwọn bàbá rẹ̀ wá. Ìwúre náà tó ogún ìṣẹ́jú. Bàbá ti kú. Àwọn ọmọ ti fọ́n ká ìgboro, kò sí èyí tó kọ́ ọ tán nínú wọn.

Morẹ́nikẹ́ ní ọdún iṣu ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní òun rántí ọjọ́ tí ìyàwó mi wá gba ohùn Bàbá sílẹ̀, pé Bàbá ka gbogbo rẹ̀ fún un láìfo nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá rí i gbọ́, màá kọ́ ọ sórí. Bí n kò bá rí i gbọ́, a óò kàn gé iṣu jẹ ni, bí ẹran."

Mo ní kó má ṣèyọnu, pé ó wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ó wà lọ́wọ́ mi!

Mo gbé láptọ́ọ̀pù tèmi àti dráìfù náà lọ sí abúlé wọn. Wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì síta, wọ́n tẹ́ ẹní. Wọ́n tó bí èèyàn mẹ́wàá. Opó Bàbá Òjó, ìyá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, jókòó sí iwájú pátápátá, ó tẹ́tí.

Mo tẹ fáìlì náà. Ohùn Ìbídùn ló kọ́kọ́ jáde: "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín fún wa." Mo wo ilẹ̀.

Bàbá Òjó bẹ̀rẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ń fi ètè bá a lọ níbi tó mọ̀, ó ń mi orí níbi tí kò mọ̀. Nígbà tó pé bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ohùn náà dákẹ́.

Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fura. Ẹnì kan ní Bàbá ń mí ni, pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìyá arúgbó ní, "Wọ́n ń wá ife ẹmu wọn ni. Mo mọ̀ wọ́n. Ẹ ní sùúrù fún wọn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. A dúró. Ìṣẹ́jú ń ka lọ lójú kọ̀ǹpútà. Márùn-ún. Méje. Ìyá arúgbó ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ohùn náà ni adìyẹ ti ń ké nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹnì kan sì ń gún nǹkan nínú odó lókèèrè. Mo tẹ́tí. Adìyẹ kò ké mọ́. Odó kò dún mọ́. Kì í ṣe Bàbá nìkan ló dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀.

Morẹ́nikẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti tán ni?"

Mo ní ó dà bíi pé nǹkan ti ṣe fáìlì náà. Ìyá arúgbó bi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni mo wí. Wọ́n sọ fún un sí etí. Ó ní kí wọ́n bu omi fún àlejò.

Morẹ́nikẹ́ sìn mí dé ìdí mọ́tò. Ó ní kí n má fi ṣe ọkàn, pé èmi náà ń ṣọ̀fọ̀. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní ó bú mi.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínlógún ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó dákẹ́. Àwọn kan kò tilẹ̀ yanu.

Mo pe Kọ́lá. Mo bi í pé ṣé fódà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lórí láptọ́ọ̀pù. Ó ní, "Bùrọ̀dá, mo ti ní kí wọ́n fọ́máàtì ẹ̀, kí wọ́n pa gbogbo inú ẹ̀ rẹ́. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin. Ṣebí ẹ ní ẹ ti mú tiyín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan, sà?"

Mo ní kò sí nǹkan. Kí ni ǹ bá tún sọ fún un? Èmi ni mo ní kó máa lọ.

Fún ọjọ́ mélòó kan, n kò lè jẹun dáadáa. Àwọn àgbà yẹn ti fọkàn tán Ìbídùn. Ẹnì kan nínú wọn ti sọ fún un níṣojú mi pé ohun tí òun sọ fún un yìí, ọmọ òun kò béèrè rẹ̀ rí. Ó gbé e lé e lọ́wọ́, Ìbídùn sì tọ́jú rẹ̀, èmi wá fa wáyà nítorí pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín!

Nígbà tó yá, mo rántí ìwé ẹ̀sásáìsì yẹn. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò mú un nítorí pé wọ́n rò pé ìwé àjákù ni. Mo rí i láàárín àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́. Nọ́ńbà ẹ̀rí ló kún inú rẹ̀, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ dúdú. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ṣe é, ní ìlànà bíi mẹ́fà, bí ìgbà tó ń kọ nóòtì fún àwọn ọmọ kíláàsì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ pé: "Èkíní, láptọ́ọ̀pù. Èkejì, Lálúpọn, lọ́dọ̀ Wúrà. Méjèèjì kò gbọ́dọ̀ sùn nílé kan náà."

N kò mọ̀ pé èkejì wà. Ó ṣeé ṣe kó ti sọ ọ́ fún mi. Ó ṣeé ṣe kí n ti ní mo gbọ́.

Wúrà ni ọ̀rẹ́ Ìbídùn láti ìgbà èwe wọn. Agbẹ̀bí ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé nílé bàbá rẹ̀ ní Lálúpọn. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọkọ Ìbídùn. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Láti ìgbà tí a ti ṣe ogójì ni mo ti ń wo ọ̀nà. Mo ní bí ọkùnrin yìí kò bá wá, á jẹ́ pé kì í gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ nílé."

Mo ní n kì í gbọ́.

"Ẹ kúkú jẹ́wọ́. Ẹ jókòó."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí. Ó ní Ìbídùn ti sọ fún òun pé kí òun má gbé e fún ẹnikẹ́ni tí kò bá mú ìwé nọ́ńbà dání, ì báà jẹ́ ọkọ òun. Ó ní, "Ó mọ̀ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìwé dà?" Mo fi hàn án. Ó wọlé, ó gbé agolo bisikíìtì ńlá kan jáde. Ó ti da ìrẹsì tútù sísàlẹ̀ rẹ̀ kí ó lè máa fa ọ̀rinrin, ó sì fi aṣọ funfun kan, irú èyí tí wọ́n fi ń wé ọmọ tuntun, wé dráìfù náà.

Mo na ọwọ́. Ó fà á sẹ́yìn.

"Níbo ni ẹ ń gbé e lọ?"

Mo ní Olódò ni, kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

"Rárá o. Ibí ni ẹ ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀kadà bá lọ kọ lù yín lójú ọ̀nà, kí ni màá wí fún un?"

Mo ní, "Fún ta ni?"

Ó ní, "Fún Ìbídùn ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé Ìbídùn wà ní yàrá kejì tó ń pààrọ̀ aṣọ.

Mo yọ láptọ́ọ̀pù tèmi àti dráìfù mi nínú báàgì, a jókòó sídìí tábìlì ìjẹun rẹ̀. Mo tẹ̀lé ìlànà ẹ̀yìn ìwé náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ orúkọ fódà ṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ní òun kò rí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wúrà ní, "Ẹ rọra, Tíṣà. Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa èèrà." Nígbà kẹta, ó gbà. Mo ní kó kọ́kọ́ ka ti Bàbá Òjó. Ó ń kà, ó ń kà. Ṣé ẹ mọ bí ìṣẹ́jú kan ṣe ń gùn? Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà jáde.

Wúrà fi awò sójú, ó mú ìwé ẹ̀sásáìsì, ó ń ka ti Ìbídùn sókè bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Èmi ń wo ojú kọ̀ǹpútà, mo ń dá a lóhùn.

"Méje."

"Ó wà."

"Ẹ́ẹ̀fù."

"Ó wà."

"Òdo, òdo, síì."

"Wọ́n wà."

A dé bí ogún, ó dúró. Ó gbé ìwé sún mọ́ ojú. Ó ní, "Mẹ́fà ni èyí àbí bíì kékeré? Ẹ wò ó. Ìbídùn yìí náà, ó ń kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ń lé."

Mo gba ìwé náà. Ìbídùn máa ń fa ìrù mẹ́fà rẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún díẹ̀. Mo ti rí i lórí ìwé ọjà fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo ní, "Mẹ́fà ni." Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Mẹ́fà ló wà níbẹ̀.

A kà á dé ìkejìlélọ́gbọ̀n. Gbogbo rẹ̀ bára mu.

Wúrà bọ́ awò, ó nu ojú. Ó ní, "Ó ké! Ọmọ yìí ké!" Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí ni.

Fún àwọn yòókù, àkójọ nọ́ńbà kan wà lórí dráìfù náà tí ẹ̀rọ lè fi wé wọn fúnra rẹ̀. Ó ṣe é títí di ọ̀sán. Mẹ́rin kò bára mu. Dráìfù náà ti ń dàgbà, ó ti ń bàjẹ́ níbì kọ̀ọ̀kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi nọ́ńbà kan náà yẹ dráìfù tèmi wò. Mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn wà níbẹ̀ láìléwu. Ìyẹn ni pé àléébù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára àwọn ẹ̀dà méjèèjì, a sì lè fi ọ̀kan dí ihò èkejì.

Ẹyọ kan kò sí níbì kankan mọ́. Màmá Adúkẹ́ ni, láti abúlé kan ní Akínyẹlé, tó kọ orin fífọ́ kòkó fún Ìbídùn. Màmá ti kú. Lórí láptọ́ọ̀pù tí mo fi wáyà rẹ̀ ṣe eré, ohùn rẹ̀ pé. Èmi ni mo sọ ọ́ nù. N kò lè fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí i.

Morẹ́nikẹ́ gbọ́ ìwúre bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kọ́ ọ. Ó pè mí lẹ́yìn ọdún iṣu pé òun kà á, pé òun ṣì í níbi méjì, pé ìyá arúgbó sì tọ́ òun sọ́nà ní ọ̀kan. Mo dúpẹ́. N kò lọ síbẹ̀. Ara mi kò tíì lè gba àárín èrò.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹ má ka orúkọ fáìlì kí ẹ ní ó pé. Fọ́tò ìyá yín, ìwé ilé yín, ohùn ọmọ yín, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ju ibì kan lọ, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ṣì pé, nítorí pé bí ó bá ti bàjẹ́ tán, nọ́ńbà ohun tó bàjẹ́ ni ẹ̀rọ máa fún yín. Fáìlì kì í rùn bí ẹran tó bá ń jẹrà. Ẹ ní láti lọ bi í léèrè. Bí àwọn ẹbí bá sì wá kó ẹrù òkú, ẹ ní kí wọ́n dúró! Kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín á tán.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ohun kan ti sọnù mọ́ yín lọ́wọ́ báyìí rí, tí ẹ rò pé ẹ ti tọ́jú? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ ibí. Èyí tó jẹ mí lógún jù lọ: bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ìyá tàbí ìyá àgbà ní ìhà Akínyẹlé tó ṣì mọ orin tí wọ́n fi ń fọ́ kòkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ̀rọ tí Ìbídùn fi ń gba ohùn ti lọ pẹ̀lú ẹrù, ṣùgbọ́n mo ti ra òmíràn.

Ohun kan ṣẹ́kù láàárín Lálúpọn àti Akanran tí n kò tíì sọ. Wúrà gbà kí n mú ẹ̀dà lọ, ṣùgbọ́n ó ní tòun kò kúrò nínú agolo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó nílé, èmi nìkan, láti ṣe ẹ̀dà Bàbá Òjó sórí fláàṣì fún Morẹ́nikẹ́. Mo dúró títí ó fi tán. Mo dúró títí ẹ̀rọ fi ní kí n yọ ọ́. Mo tún ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà, mo kọ orúkọ fódà, n kò ṣì í. Kò sí ẹni tó máa bá mi kà á sókè, nítorí náà mo fi ìka kan sórí ìwé, mo fi ìkejì sójú kọ̀ǹpútà, mo ń sún wọn lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí mo fi kà á tán. Mo mú bírò. Lábẹ́ ìlà tí Ìbídùn kọ kẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀kẹta, Akanran, lọ́dọ̀ Morẹ́nikẹ́. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bára mu."